Ògiri Tó Wà Níhà Ìlà Oòrùn

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, ilé náà ṣì wà ní Downsview ní ìlú Toronto, kó lọ fọwọ́ kan ògiri ẹ̀. Mọ̀ríámọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń ta tíì nínú ẹ̀. Obìnrin tó ta aṣọ ní Gbági fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó sin ọkọ, tó ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, tó sì ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ kejì, irú wọn kì í sọ pé àwọn rí ohun tí àwọn ò rí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé náà rí róbótó bí apẹ̀rẹ̀ tí a dojú ẹ̀ dé. Igi ni wọ́n tẹ̀ tí wọ́n fi ṣe egungun òrùlé. Àga onígi gígùn yí inú ẹ̀ ká, ààrò iná wà láàárín. Wọ́n ní ti àwọn onílẹ̀ ni, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, kí ọmọ wọn lè wọlé kó mọ̀ pé ilé òun ni. Kí mítìn tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹnì kan á dìde, á mú ìwé, á ka orúkọ àwọn tó nilẹ̀, á jókòó.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Mọ̀ríámọ̀ gbọ́ ọ, ó bi ọmọ ẹ̀ léèrè. “Tí wọ́n bá kà á tán ńkọ́? Ṣé wọ́n máa dá a padà ni?”

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo kàn béèrè ni. Ọmọ onílẹ̀ ti Èkó ì bá ti wó odi.”

Aishah ọmọ ẹ̀ ló yàwòrán ilé náà. Ọdún méje ló fi ṣe ìdánwò kí Toronto tó gbà pé ayàwòrán ilé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń ya ilé ní Ìbàdàn. Èyí ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí lára. Òun náà ló bá ìyá ẹ̀ wá àyè tí ó ń ta tíì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́.

Àmọ́ ohun kan wà. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ìlà oòrùn ni ilẹ̀kùn kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà onílẹ̀ ṣe sọ pé ó gbọ́dọ̀ rí. Ìwọ̀ oòrùn sì ni ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà subway. Ọ̀gá Aishah ní kó yí ilẹ̀kùn. Ó yí i. Wọ́n fi ògiri dí ti ìlà oòrùn, wọ́n wá gbẹ́ àwòrán ilẹ̀kùn sára igi ibẹ̀ kó lè dùn ún wò. Ilẹ̀kùn tí kò ṣeé ṣí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn tó ń fún ilé tó dára lẹ́bùn ń bọ̀ wá wò ó. Bí wọ́n bá mú un, Aishah di ọ̀gá. Bí wọ́n bá rí àléébù, orí ẹ̀ náà ni wọ́n máa fọ́ ọ lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá àgbà kan wọlé. Auntie Verna ni gbogbo èèyàn ń pè é. Onílẹ̀ ni. Ìyẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí Mọ̀ríámọ̀ fẹ́ràn wọn, pé àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Ìyá náà ra tíì méjì. Ó mu ọ̀kan. Ó gbé èkejì lọ sí ìdí ògiri ìlà oòrùn, ó gbé e kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé igi gbígbẹ́ náà.

“Auntie, ilẹ̀kùn kọ́ nìyẹn o,” Mọ̀ríámọ̀ sọ, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ọjà ẹ̀. “Ibi tí ẹ gbà wọlé ni ilẹ̀kùn.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún àwọn tó kọ́ ọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n fún mi ní bisikíìtì.”

“Ṣé ó dùn?”

“Ó gbẹ.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá náà lọ. Ife tíì náà ń rú èéfín nídìí ògiri.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, aago márùn-ún kò tíì lù, ṣùgbọ́n oṣù kejìlá ni, ilẹ̀ ti ṣú. Yìnyín ń bọ́ níta láìdún. Èrò ti lọ. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná dákẹ́. Mọ̀ríámọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń to ife sínú páálí.

Kò. Kò. Kò.

Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ọjà kì í gbórí sókè kó tó dá oníbàárà lóhùn. Kó o tó wò ó tán, ó ti dé ìsọ̀ kejì. Ẹnu Mọ̀ríámọ̀ ti sọ ọ́ kí òun fúnra ẹ̀ tó mọ̀.

“Ẹ wọlé o. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, mò ń bọ̀.”

Ó wá gbórí sókè. Kò sí ẹnì kankan lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé ẹ̀yìn òun ni ó ti gbọ́ ọ. Níbi ògiri.

Òtútù kan kọjá lára ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó gbóòórùn èéfín igi. Kò sí iná nínú ààrò. Àwọn àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bí ìgbà tí arúgbó bá rọra jókòó. Ó dún lọ níhà ìlà oòrùn. Ó dákẹ́.

Kò sá. Orúnkún ẹ̀ kì í sáré mọ́. Ó ní “Bismillah,” ó tan gbogbo iná.

Omi wà nílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri, ó yí ààrò po, ó lọ dé ìdí àga. Ẹsẹ̀ ńlá wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí ọmọ-ìka ẹ̀ kò ju ẹ̀wà lọ. Gbogbo ẹ̀ ló kọjú sínú ilé. Kò sí èyí tó kọjú síta.

Ife tíì tó wà nídìí ògiri ti gbẹ.

Nígbà tí Aishah fi mọ́tò wá gbé e, Mọ̀ríámọ̀ sọ fún un. Aishah ò tilẹ̀ paná mọ́tò.

“Mummy, it’s condensation. Òtútù ló ń di omi lára ògiri.”

“Ṣé condensation ní ìka ẹsẹ̀?”

“Ẹ ti sọ fún Daniel?” Ẹni tó ń bójú tó ilé náà nìyẹn.

“Rárá.”

“Ẹ má sọ fún un. Ọjọ́ Jímọ̀ ò jìnnà. Ẹ kàn bá mi nù ún. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ohùn ẹ̀ ti rẹ̀ bí ohùn ẹni tó ti bẹ̀bẹ̀ fún ọdún méje.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tún kan ògiri. Mọ̀ríámọ̀ di ẹnu ẹ̀ pinpin. Àga ṣì dún. Ó ti ní kí wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó. Lọ́jọ́rú, bí àga ṣe ń dún, ó mọ̀ pé èyí tó wà níhà ìlà oòrùn ti kún, wọ́n bọ́ sí ti gúúsù. Ó ń nu omi. Ó ń nù ún, ó ń padà wá nù ún. Ẹ̀yìn ń dùn ún.

Ọjọ́rú náà ni ẹsẹ̀ Daniel yọ̀ nínú omi náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Springdale nítòsí Toronto ni, ó gbọ́ Yorùbá àmọ́ kì í sọ ọ́. Ó pe àwọn tó ń wo ògiri. Wọ́n fi ẹ̀rọ kàn án, wọ́n lù ú, wọ́n tẹ́tí sí i. Ògiri gbẹ bí ìyẹ̀fun.

“Mama, you’re sure it’s not your tea?” Daniel bi í.

“Ṣé ẹsẹ̀ ni tíì mi fi ń rìn?”

“I’m just asking, ma. If it’s wet on Friday, I have to write it up. With Aishah’s name.”

Lọ́jọ́bọ̀, Mọ̀ríámọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ìwọ̀ oòrùn gbayawu. Afẹ́fẹ́ gbé yìnyín wọlé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sin àlejò sọ́nà. “Ẹ ṣeun tí ẹ wá,” ó sọ. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ibí.” Kò sí àga tó dún. Ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé ni Auntie Verna. Ó wò ó, ó wo ilẹ̀kùn, ó tì í.

“Kí lo sọ fún wọn?”

“Mo ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n kanlẹ̀kùn, èmi ò mọ̀, mo ní kí wọ́n wọlé.”

“Èdè wo lo fi sọ ọ́?”

“Èdè mi.”

Ìyá náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sún díẹ̀, bí ẹni tó ń fún ẹlòmíì láyè.

“Auntie, ṣé òkú ni wọ́n?”

“Ta ló sọ fún ẹ pé a ti kú?”

“Ní ilé wa,” Mọ̀ríámọ̀ sọ, “àlejò tí a pè wọlé, a gbọ́dọ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sin àwọn yìí?”

“Bi ọmọ ẹ. Òun ló yà á.”

Ó bi í lálẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń jẹun. Aishah gbé ṣíbí kalẹ̀.

“Kí n ṣí ògiri? Mummy, tí mo bá ní kí wọ́n ṣí i, mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé mi ò kọ́ ọ dáadáa.”

“Ṣé o kọ́ ọ dáadáa?”

Aishah kó abọ́ lọ.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, àwọn mẹ́rin tó ń fún ilé lẹ́bùn wọlé pẹ̀lú ọ̀gá Aishah. Oòrùn ràn. Ilẹ̀ gbẹ, Mọ̀ríámọ̀ ti nù ún láti aago mẹ́fà. Wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń yin igi. Mọ̀ríámọ̀ ń wo ẹsẹ̀ wọn. Kò sí èyí tó gba àárín ilé kọjá tààrà. Wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, wọ́n ń sún aṣọ mọ́ra. Obìnrin kan láàárín wọn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ní “Sorry,” ó tún yíjú padà wo ẹni tó bẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ojú ẹ̀ yí padà díẹ̀. Àga pọ̀ lọ súà, kò sí ẹni tó jókòó nínú wọn.

Aishah bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ń sọ nípa àwọn onílẹ̀, nípa ọ̀wọ̀.

Kò. Kò. Kò.

Inú ilé ni wọ́n ti kan ògiri lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni tó fẹ́ jáde.

“Pipes,” ni Daniel sọ.

Ó tún dún. Nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.

Aishah wo ìyá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ kò mi orí, kò ṣẹ́jú.

“Ilẹ̀kùn ló yẹ kó wà níbẹ̀,” Aishah sọ fún wọn. “Wọ́n sọ fún wa. Èmi ni mo yí i. Ó yẹ ká ṣí i.”

Ọ̀gá ẹ̀ wolẹ̀. Obìnrin tó ní “Sorry” lẹ́ẹ̀kan fa bírò yọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé mìíràn ló gba ẹ̀bùn náà. Wọ́n yọ orúkọ Aishah kúrò lára pátákó. Ilé kéékèèké ló ń yà báyìí, ní Brooklin, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Toronto, gbogbo wọn bákan náà. Ìwé tí wọ́n fi ní kí a ṣí ògiri ti bọ́ sí ọ́fíìsì kejì, wọ́n ní ó ku mẹ́ta tó máa fọwọ́ sí i. Auntie Verna ṣì ń wá ra tíì méjì. Àga tó ṣófo kò ju ọ̀kan lọ mọ́, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ̀ríámọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti to ife ẹ̀ tán, á fa ìborùn bora. Á kọjú sí ògiri ìlà oòrùn, á máa rìn lọ jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń ṣáájú àlejò. Lẹ́yìn ẹ̀, àga á dún, yí ilé ká. Kì í bojú wẹ̀yìn. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ tútù tó ń tẹ̀lé e, ti àgbà, ti ọmọdé.

Bó bá dé ìdí ògiri, á dúró.

Gbogbo wọn á dúró.