Àwọn Mẹ́rin Tí Ń Jẹ́ Ìpè

Ìyá Ṣèyífúnmi tí ń ránṣọ ní Baṣọ̀run ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Láwùmí fún mi.

Láwùmí ń ta táìlì ní Challenge. Ó mọ ohun tí à ń pè ní ṣíṣà: èyí tí ó bá lábùkù, ẹ̀gbẹ́ kan ni ó ń jù ú sí. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni ó bí. Ọkọ rẹ̀ kò ráhùn; òun gan-an ni ó ní dandan ni kí òun bí ọkùnrin.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń ṣe ọlẹ̀ nínú ìgò, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá akọ ni tàbí abo kí wọ́n tó gbé e sínú ìyá. Ọlẹ̀ márùn-ún ni ó yè: obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin kan.

Nọ́ọ̀sì ní, "Àwọn mẹ́rin yìí ńkọ́, mà? Ọwọ́ yín ló wà."

Láwùmí rẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùnní, ó dìgbà o! Ilé ti kún." Ó fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n dà wọ́n nù.

Wọ́n gbé ọlẹ̀ ọkùnrin náà sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Ní ọjọ́ kejìlá, ẹ̀jẹ̀ dé.

Láti ìgbà náà, bí ó bá pe àbíkẹ́yìn rẹ̀, "Àníkẹ́!", ohùn márùn-ún ni ó ń jẹ́ "Mà!" Ọ̀kan láti inú yàrá, mẹ́rin láti ibi tí kò mọ̀. Ó ṣíwọ́ pípe ọmọ lórúkọ. Àtẹ́wọ́ ni ó ń pa.

Ìyá Ṣèyífúnmi wá wọn aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ. "Ìyá Àníkẹ́, ṣé adìyẹ lò ń kó wọlé ni, tí o fi ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ?"

Láwùmí bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́. "Mo fún wọn lóríkì! Ta ní ń fún ohun tí kì í ṣe ọmọ lóríkì?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi. O jókòó sípò Ẹlẹ́dàá. Sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó fún un."

"Bí mo bá sọ̀kalẹ̀, ṣé wọ́n á dákẹ́?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé á dárí jì ọ́."

Láwùmí kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tí ilé ìwòsàn ti dá fún un tẹ́lẹ̀, ó lọ; dókítà gbé ìwé tuntun àti bírò síwájú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, mà. Ọkùnrin ni lọ́tẹ̀ yìí."

Ìwọ tí ń kà á, òfin ayé lè dákẹ́ lórí ohun tí o fọwọ́ sí. Ọkàn rẹ ńkọ́, ṣé ó dákẹ́? Má fi dọ̀la. Jésù ń pè ọ́ lónìí. Jẹ́ ìpè rẹ̀.

Láwùmí ti bírò náà padà. Bí ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ohùn mẹ́rin jẹ́ "Mà!" lẹ́yìn rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀, orúkọ Jésù wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jáde sí títì. Kò bojú wẹ̀yìn.