Àyè Tí Wùnmí Gé Kúrò

Ohun tó kọ́kọ́ yà Wùnmí lẹ́nu ni pé ẹnu sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ń tutù. Ó nù ún, ó gé fọ́tò mìíràn, omi tún wà níbẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, òrùlé yàrá tó háyà lẹ́yìn Gáráájì Ìkòròdú kò sì jò. Ó ní òógùn ọwọ́ òun ni, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to fọ́tò ìdílé sínú ìwé ìrántí, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Fọ́tò kan ṣoṣo ni kó jẹ́ olórí ojú ìwé, kí ojú mọ ibi tó máa kọ́kọ́ bà sí. Àwọ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà. Àyè tó bá ṣófo, etí ìwé ni kó wà, kó má ṣe wà láàárín èèyàn. Òfin yẹn gan-an ló kó bá a.

Mujeeb, ọmọ ìdílé apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́, ló gbé fọ́tò wọn wá, ó fẹ́ fi ìwé náà ta ìyá rẹ̀, Alhaja Ṣẹ̀rífátù, lọ́rẹ. Ọdọọdún ni wọ́n ń ya fọ́tò lọ́jọ́ Iléyá nínú àgbàlá, wọn a kẹ́yìn sí ọ̀sà. Nínú gbogbo rẹ̀, àlàfo kan wà láàárín Alhaja àti Mujeeb, tó gba èèyàn kan. Wùnmí rò pé ayafọ́tò ni kò mọ iṣẹ́. Ó gé àlàfo náà kúrò, ó fa ìyá mọ́ ọmọ, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tó gbé e dé Ẹ̀pẹ́, Alhaja ṣí ìwé náà lórí ẹní, ó fi ìka tẹ ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.

"Ta ló pa àyè Fàwáz dé?"

Wùnmí wo Mujeeb. Mujeeb wo ilẹ̀.

"Àkọ́bí mi ni," Alhaja sọ, ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Ó ti tó ọdún mélòó kan tó lọ kó àwọ̀n lórí ọ̀sà, kò tíì dé. Nílé tiwa, ẹni tó bá wà lórí omi, ẹnikẹ́ni ò ní jókòó sáyè rẹ̀ títí yóò fi dé, ìbáà ṣe nídìí oúnjẹ, ìbáà ṣe nínú fọ́tò. Àyè yẹn ló ń wò bọ̀ wálé. Ó sì ń bọ̀, mo máa ń rí i. Ọmọ mi, èyí tó o gé kúrò ńkọ́?"

"Ó wà nílé, mà. Mi ò tíì dà á nù."

"Bá mi lẹ̀ ẹ́ padà. Jọ̀ọ́."

Mujeeb sìn ín dé ibi ọkọ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ máa gé e," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ wá. Ó ti sú mi, kí n máa dúró ti ẹni tí kò sí." Inú bí Wùnmí sí i, àánú rẹ̀ sì tún ṣe é.

Oòrùn ọ̀sán ṣì ń mú nígbà tó gbé ìwé náà padà dé yàrá rẹ̀, tó da àwọn àgékù náà sórí tábìlì. Wọ́n tutù, wọ́n ń rùn bí àwọ̀n apẹja. Ó tò wọ́n láti ọdún tó pẹ́ jù, ó wáá rí ohun tí kò wò nígbà tó ń gé wọn. Lórí ọ̀sà, ọkọ̀ kékeré kan wà lókèèrè, bí èérí ọwọ́. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti sún mọ́ etí omi. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan ti sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dún Iléyá tó kọjá, ó ti wọ àgbàlá, omi ń ro lára rẹ̀, ó na ọwọ́ sí èjìká ìyá rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ náà ni sísọ́ọ̀sì Wùnmí ti gé e.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n padà. Gọ́ọ̀mù ò mú, omi ò jẹ́. Ó ń nù, ó ń lẹ̀, títí tó fi rí i pé ọkùnrin náà ò kọjú sí ilé mọ́. Kò rí i kó rìn; ìgbà tó bá mójú kúrò ló ń jìnnà sí i. Ọkọ̀ náà padà di èérí, èérí náà sì parẹ́. Àwọn àgékù gbẹ. Ìgbà yẹn ni gọ́ọ̀mù tó wáá mú dáadáa.

Fóònù rẹ̀ dún. Alhaja ni.

"Ọmọ mi, ṣé o ti ṣí àyè náà?"

"Mo ti ṣí i, mà."

"Ṣé o rí i níbẹ̀?"

Wùnmí wo àlàfo tó wà láàárín ìyá àti ọmọ. Ọ̀sà nìkan ló kù níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Fàwáz ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, mà," ó sọ.

"Alhamdulillahi," ni Alhaja wí. "Jẹ́ n lọ bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀."