Ìbéèrè Tí Kò Lórúkọ

"Ta ló lọ bèèrè ìbéèrè òṣì yìí?" Torleif ń fìka gún ojú kọ̀ǹpútà. "Kí n ṣáà mọ onítọ̀hún!"

Ingvild yíjú kúrò. Apá rọ́bọ́ọ̀tì Torleif tí wọ́n ti tú kúrò nà gbalaja sórí tábìlì bí òkú. Ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ilé ìwé ìlú Bodø, ní Norway, ku ọjọ́ mẹ́fà.

Àdúgbò kan náà làwọn méjèèjì ti dàgbà, ilé ìwé wọn ló yàtọ̀, kálukú sì wà nínú ẹgbẹ́ tó ń díje fún ilé ìwé tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Torleif fi apá náà hàn án: á ká jọ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á na ara rẹ̀ kan pẹpẹ tó ga jù lọ lórí pápá ìdíje. Òfin ní kí rọ́bọ́ọ̀tì má ga ju mítà kan lọ. Torleif ní ìbẹ̀rẹ̀ eré nìkan lòfin ń wí. Ingvild fura pé títí dé òpin ni, ṣùgbọ́n kò sọ fún un. Ó délé, ó lọ sójú ìwé tí ẹgbẹ́ èyíkéyìí ti lè bi ìgbìmọ̀ ìdíje ní ìbéèrè láìfi orúkọ hàn, ó ṣàpèjúwe apá náà látòkèdélẹ̀. Ìgbìmọ̀ dáhùn níbẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé: "Èèwọ̀ ni."

"Lọ́yà wa," Torleif fà á lọ́wọ́, "ìwọ lo mọ ìwé òfin bí ẹni mọ ilé ìyá ẹ̀. Bá mi wá ibi tí mo lè gbà, jọ̀ọ́."

Ingvild jókòó, ó ń ṣí ìwé òfin, kò rí nǹkan kan kà. Láti ọjọ́ tó ti fi ìbéèrè náà ránṣẹ́, bó wà nínú bọ́ọ̀sì, á máa gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí apá yẹn máa ń dún. Bó wà ní kíláàsì, á tún gbọ́ ọ. Ẹni tó yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú níí yọ́ olúwarẹ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ ìdíje, ẹgbẹ́ Ingvild ló gba ipò kìíní, àwọn ni wọ́n gbé ife fún. Torleif gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì wá bá a, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbà, jẹun, ìwọ onífe! Má gbàgbé àwa tálákà o."

Ingvild gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀. "Èmi ni mo bèèrè."

Ẹ̀rín kú lójú Torleif. "Òfin gbà ẹ́ láyè. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo fi hàn ẹ́, ẹ̀rín lò ń bá mi rín. Kí ló dé tó ò kọ́kọ́ sọ fún mi?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ingvild yà sí ibi iṣẹ́ Torleif. Torleif kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó rọra fi aṣọ bo ohun tó wà lórí tábìlì.

Ìgbà náà ló yé Ingvild: ibi tí òfin bá parí sí, ibẹ̀ ni ìwà ti ń bẹ̀rẹ̀.