Ọ̀rọ̀ Tó Sọ fún Káfíńtà

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, orí ilẹ̀ ni káfíńtà ti bá nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin àlùfáà ìjọ ni nọ́ọ̀sì yìí, òun náà ló sì ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí bẹ́ńṣì tó jókòó lé dédé kán. Àwọn akọrin ò tilẹ̀ dúró. Wọ́n rò pé ó fẹ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà ni. Káfíńtà tó wá wọn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ má tíì dìde," ó ní. "Ìṣó lè wà lábẹ́ yín."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà tún bẹ́ńṣì ṣe. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun wá wò ó bóyá ó ṣì dúró dáadáa. Ó tún wá lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tó fi máa wá lẹ́ẹ̀kẹrin, gbogbo akọrin ti mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ńṣì ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu káfíńtà, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ti ẹlòmíì. Atẹdùùrù mi ló ń pè é. Kí ọdún tó yí, àlùfáà ti ń pe káfíńtà ní ọmọ mi, wọ́n sì ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n gbé màmá àgbàlagbà kan wá sí wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹ̀sìn Búdà ló sì ń ṣe. Láràárọ̀, tòun ti ìrora, màmá yìí á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á pa ojú dé, á máa ṣọ́ èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Nígbà tó máa kú, ẹ̀rù ò bà á rárá. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn nọ́ọ̀sì. Ó wádìí ibi tí màmá ti kọ́ ọ, wọ́n sì júwe yàrá kan fún un lókè ilé ìtajà bàtà, níbi táwọn èèyàn ti ń péjọ láàárọ̀ Àbámẹ́ta.

Ó ní òun kàn fẹ́ lọ wò ó ni. Kò sẹ́ni tó ní kó sẹ́ Jésù, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Wọ́n jókòó, wọ́n dákẹ́. Láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni ìyá rẹ̀ kú. Ọjọ́ méje ló fi kúnlẹ̀, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún òun. Kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó tẹ dùùrù láìṣì í tẹ̀, gbogbo ìjọ yin ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì sunkún lẹ́yìn rẹ̀, àfi nínú yàrá òkè ilé bàtà yẹn.

Káfíńtà nìkan ni nọ́ọ̀sì finú hàn. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló lọ bá a, láàárín pákó.

"Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì jẹ́ Kristẹni," ó ní. "Mi ò sì mọ̀ bóyá mi ò jẹ́ ẹ mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ibẹ̀ ni mo ti sunkún ìyá mi."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí bàbá òun gbọ́, títí òun fúnra òun á fi mọ bí òun á ṣe sọ ọ́. Káfíńtà gbọn eruku pákó kúrò lórí àpótí, ó jókòó tì í.

"Ọ̀rọ̀ tó wọ etí mi kì í jáde," ó ní.

Kò sí ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ràn rẹ̀ tó ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó wà nídìí dùùrù lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kí ìjọ dìde, kí wọ́n gbàdúrà fún ọmọbìnrin kan tó ń ṣáko lọ. Ó ń ro ẹni tó lè jẹ́. Ni ohùn bàbá bá yí padà.

"Olúwa, ọjọ́ méje ló fi kúnlẹ̀. O mọ̀ pé kò gbọ́ nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ ọjọ́ méje yẹn fún láyé. Ó fojú wá a láàárín èrò. Káfíńtà sorí kọ́, bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. Àṣé òun ni ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu.

Àwọn ará ìjọ rọ́ wá gbọ́wọ́ lé nọ́ọ̀sì lórí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń sunkún bí ẹni pé òkú ló wà níwájú òun. Nọ́ọ̀sì rọra ń mú ọwọ́ wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pa dùùrù dé, ó sì jáde.

Káfíńtà wá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ní bàbá béèrè lọ́wọ́ òun bóyá nǹkan kan wà tó yẹ kí bàbá mọ̀ kí wọ́n tó so àwọn pọ̀, òun ò sì lè purọ́ fún àgbàlagbà.

"Ta ló ní kó o purọ́? Ṣé o ò lè ní kí wọ́n bi ọmọ wọn ni?"

Káfíńtà bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá náà wá. Ó ní ìfẹ́ ló mú òun ṣe é. Nọ́ọ̀sì ní àdúrà kọ́ ló dun òun, ọ̀rọ̀ tóun ò sọ fún wọn tí wọ́n fi gba àdúrà náà ló dun òun. Àlùfáà dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, kò rí ẹsẹ Bíbélì kankan tó máa kà. Ẹ̀gbọ́n ìyá nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ sọ pé wọ́n ti tẹ ìwé ìpè, pé ìgbéyàwó ò lè yẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ní Àbámẹ́ta kan, ilẹ̀kùn yàrá òkè ṣí, káfíńtà sì wọlé. Ó bọ́ bàtà. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn kò lábẹ́ ara rẹ̀ tipátipá, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì. Inú nọ́ọ̀sì dùn débi pé kò lè ṣọ́ èémí ara rẹ̀ mọ́. Ti káfíńtà ló ń gbọ́. Ó ti dárí jì í kí wọ́n tó dìde.

Lórí àtẹ̀gùn, nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bi í pé kí ló mú un wá.

Ká ní káfíńtà sọ pé ìfẹ́ ni, nọ́ọ̀sì ì bá gbà á gbọ́.

"Bàbá ló ní kí n wá," káfíńtà ní. "Wọ́n ní kí n wo ohun tí ẹ ń ṣe, kí n wá sọ fún àwọn." Ó yára fi kún un pé òun ò rí ohun búburú kankan, pé òun á sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá, gbogbo nǹkan á sì tán síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ràn rẹ," ó ní. "Mi ò sì rò pé ó máa tètè tán lára mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kì í sùn lọ́dọ̀ rẹ. Ohun yòówù kí n sọ fún ọ, ilé bàbá mi ló ń lọ sùn."

"Tí mi ò bá sọ èyí fún wọn ńkọ́?"

"Àmọ́ torí kó o lè sọ ọ́ lo ṣe wá."

Nọ́ọ̀sì bọ́ òrùka àdéhùn wọn, ó fi í sí káfíńtà lọ́wọ́, ó sì fúnra rẹ̀ ká ìka káfíńtà dé e lórí. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, torí ọ̀sán ló máa wọṣẹ́.

Inú bọ́ọ̀sì ni nọ́ọ̀sì ti bú sẹ́kún. Obìnrin àgbà kan tó jókòó tì í bi í pé ta ló kú.

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Ọkọ tí mo fẹ́ fẹ́ ni mo fi sílẹ̀."

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ kúrò láàárín wọn kí àyè lè gbà á. Ó sún mọ́ nọ́ọ̀sì títí ọkọ̀ fi dé iwájú ọsibítù, nọ́ọ̀sì sì sọ̀ kalẹ̀.