Àpótí Pupa Olódòdó Mẹ́fà

Òdòdó mẹ́fà ni ará Ṣáínà gbẹ́ sórí ìdérí àpótí pupa náà. Nígbà tí Kòfowórọlá, òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga poli ní Ìlaròó, rà á lọ́jà Ẹ̀gùá láàrin ẹrù tó ti Kùtọnú wá, márùn-ún ló ti tanná, ìkẹfà dì bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọ ọwọ́. Ẹni tó tà á sọ pé oje igi ni wọ́n fi kùn ún, ìpele lórí ìpele, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń nu eruku ara rẹ̀, ó rí i pé ìkẹfà náà ti ń là.

Ó yára gbé ọwọ́ kúrò, nítorí ó mọ ohun tó fi pamọ́ sínú àpótí náà.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti Igbógìlà, ó wo ọmọ náà fín, ó ní lójú gbogbo àlejò, "Ta tiẹ̀ lọmọ yìí jọ?" Ọ̀rọ̀ náà dun Kòfowórọlá wọ eegun. Nígbà tí Màmá, ìyá ọkọ náà, ní kó mú ìwọ́ ọmọ tó já wá, kí òun lọ gbìn ín sídìí igi obì ilé wọn, pọ̀nmọ́ gbígbẹ ló wé sínú òwú fún un. Màmá bomi tútù sí pọ̀nmọ́, ó ṣàdúrà lé e lórí, ó ní ibi tí ìwọ́ ẹni bá wà nilé ẹni. Kòfowórọlá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Inú àpótí ló ti ìwọ́ gan-an mọ́. Àwọn àgbà ní ìbínú kò da nǹkan fún ni, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí àgbà nígbà tí inú bá ń ru?

Ayọ̀dàmọ́lá, ọmọ náà, kì í sùn àfi bó bá gbọ́wọ́ lé àpótí yẹn. Bí òdòdó kẹfà ṣe ń fẹ̀ ni ọmọ náà ń rù. Dókítà wò ó títí, kò rí àrùn.

Nígbà tí egungun ìhà ọmọ ti ṣeé kà, Kòfowórọlá pọ̀n ọ́n, ó gbé àpótí dání, ó forí lé Igbógìlà. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún Màmá. Màmá kò bú u, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ó mú ọkọ́, ó gbẹ́ ihò kékeré sídìí igi obì.

"Ṣí i," ó wí jẹ́jẹ́.

Inú àpótí ṣófo. Kò sí ìwọ́ níbẹ̀. Òdòdó kẹfà ti tanná tán, ohun tó sì wà láàrin rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ. Ìdodo ọmọ ni, ó rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Màmá yára ká ẹ̀wù Ayọ̀dàmọ́lá sókè. Ikùn rẹ̀ ń dán bí àwo, kò sí ìdodo lára rẹ̀.

Ọmọ náà rọra kúnlẹ̀, bí àlejò tó fẹ́ dágbére.

"Ẹ ṣeun, mà," ó wí fún ìyá tó bí i. "Mò ń relé."

Ó gbórí lé àpótí, ó dijú. Kòfowórọlá pè é, ó pè é, ọmọ náà kò lajú mọ́.

Ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ìwọ́ kéré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá tún mú ọkọ́, ó fẹ̀ ẹ́.