Gílóòbù Kú, Iná Ò Kú

"Ogún ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ iná ní Ìkàrẹ́, iná ò gbé mi rí. Iná mọ ọ̀gá rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ẹnu Akínlọ́lá nìyẹn ní gbogbo ilé tó bá wọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń bí èèyàn nínú. Wáyà méjì ló ń lọ sí gílóòbù inú àjà: pupa ló ń gbé iná wá, dúdú ló ń dá a padà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún oṣù kan péré mọ̀ pé pupa ló yẹ kí súìṣì máa gé. Akínlọ́lá ò bìkítà. Èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń gé.

Ezekiel, ará Ọ̀kà tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, kìlọ̀ fún un.

"Akín, bí o bá gé dúdú, gílóòbù á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ṣì wà láàyè nínú họ́dà tí gílóòbù ń wọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ó di òkú. Bí ayé rẹ ṣe rí náà nìyẹn. O pa ọtí tì lójú èèyàn, o ń mu ún ní kọ̀rọ̀ yàrá."

"Wòlíì oníná, lọ wàásù fún àpáta Ọ̀kà. Mo tẹ súìṣì, iná kú. Kí ló tún kù?"

Ní Sátidé kan, gílóòbù pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ṣúpárè jó. Akínlọ́lá tẹ súìṣì, ó gun àga onírin, ó nawọ́ sí họ́dà. Iná gbé e. Ó já lulẹ̀ bí àpò gbágùúdá. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ìbínú ló kọ́kọ́ jáde.

"Òmùgọ̀ wo ló ṣe wáyà ilé yìí? Màmá, ẹ dárúkọ ẹ̀. Àtìmọ́lé ló máa sùn lónìí."

Sẹ̀gilọlá, ìyá rẹ̀, wò ó. "Ìwọ ni."

Akínlọ́lá gbójú sókè wo họ́dà.

"Láti àárọ̀ ni mo ti fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù yẹn fúnra mi. Orúnkún tó ń dùn mí ni ò jẹ́ kí n gun àga."

Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti fọ́. Ó fi ojú inú rí òkú ìyá rẹ̀ níbi tí òun fúnra rẹ̀ nà sí. Ó rí gbogbo ilé tó ti ṣe, láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, tí ọwọ́ opó àti ọwọ́ ọmọ ilé ìwé ń lọ sókè sí họ́dà. Ó ní kí wọ́n pe Ezekiel. Lórí sìmẹ́ńtì yẹn, níṣojú Ezekiel, ló ti sọ pé, "Jésù, èmi ni. Kì í ṣe wáyà nìkan." Ó jẹ́wọ́ ọtí, ó jẹ́wọ́ irọ́, ó sì bẹ Olúwa kó gba òun.

Ìwọ tí ò ń fi Akínlọ́lá rẹ́rìn-ín, súìṣì wo lo tẹ ní tìẹ? O gbé Bíbélì dání, wọ́n ní o ti yí padà, ìkà sì wà láàyè nínú ọkàn rẹ. Ọlọ́run kì í wo gílóòbù, họ́dà ló ń wò. Ṣé ó dìgbà tí ìkà yẹn bá pa ẹnìkan kí o tó mọ̀? Jésù nìkan ló lè gé e níbi tó ti ń wá. Ronú pìwà dà lónìí. Má sọ ọ̀la fún mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Akínlọ́lá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀. Ìjọ sọkún, pásítọ̀ jó. Sẹ̀gilọlá nìkan ló jókòó, ó ń wo àjà.

"Àmín," ó ní. "Òun náà ló ṣe wáyà ibí."