Aláìsàn Tí Ara Rẹ̀ Dá Ṣáṣá

Ọdún kẹjọ tí wọ́n gbé Awonú dé Ìlú Àkọ́tún, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sórí òṣùpá, ni ẹ̀rọ náà pa Adégún, ọkọ Fadérera. Awonú ni ẹ̀rọ tí í wo inú ara ènìyàn, tí í sì fúnra rẹ̀ tọ́jú ohun tó bá rí níbẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Adégún ti bàjẹ́, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ náà títí ọkùnrin náà fi dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníyọnu, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, ní àìsàn ló pa á.

Fadérera kò bá a jiyàn. Eré orí ìtàgé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ kan jáde, nípa ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ṣùgbọ́n tó gbà pé òun ń ṣàìsàn, àti àwọn dókítà tí ń fi ìbẹ̀rù rẹ̀ jẹun. Ó fi kún un bí àwọn dókítà ayé àtijọ́ ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún; bí aláìsàn bá kú, wọn a ní àìsàn náà ló lágbára jù. Lẹ́yìn náà ó lọ bẹ Láníyọnu pé kó wá ṣe aláìsàn inú eré, kó sì gbé Awonú wá, kí ayé lè rí bí ìṣègùn ti dàgbà tó. Láníyọnu fẹ́ràn àtẹ́wọ́. Ó gbà, ó rò pé eré lásán ni ẹ̀rọ náà yóò ṣe.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n de Láníyọnu mọ́ àga bí eré ti wí, gíláàsì ńlá kan sì sọ̀kalẹ̀ síwájú ìtàgé, ó sé òun àti Fadérera mọ́nú. Awonú wò ó, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, ó gún un. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín.

"Ara mi le, ìyáàfin," ni Láníyọnu wí. "Ẹ dá a dúró."

"Ohun tí ọkọ mi náà sọ nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún ni ẹ̀rọ yìí ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ dárúkọ àwọn tó ti pa, kí n tó yí kọ́kọ́rọ́ tí í dá a dúró."

Bàbá Ọ̀ṣúnlékè, olórí àwọn àgbà ìlú, dìde níwájú, ó pàṣẹ pé kí obìnrin náà yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà. Fadérera dá a lóhùn láti ẹ̀yìn gíláàsì pé àwọn àgbà náà ló ń sin òkú láìbéèrè ohun tó pa á.

Láníyọnu bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ. Ó mọ gbogbo orúkọ náà sórí, kò sì kọ wọ́n síbì kankan rí. Bí orúkọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ni ẹ̀rín ń kú ní igun kan gbọ̀ngàn. Adégún ni ẹni kọkànlélógójì. Fadérera gbọ́ ọ, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò yí i. Ó dùn mọ́ ọn. Ó fẹ́ kó pẹ́ sí i. Láníyọnu dákẹ́ láàárín orúkọ kan. Nígbà tí obìnrin náà máa fi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èrò tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi Fadérera sí. Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ wọlé.

"Ọmọ mi, a ò gbọ́ orúkọ Àyándélé tèmi. Ṣé ẹ̀rọ ló pa á, àbí àìsàn ni lóòótọ́?"

Fadérera wo ìyá náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìdáhùn, òun Fadérera ló sì pa ẹni náà.